Ìyẹ̀fun MOF mi kò tàn, aró mi sì ń ṣàn lọ: kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́ kọ:

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo fi gbé e wá síbí.

Másítà ni mò ń ṣe nínú kẹ́místrì. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ṣe ìyẹ̀fun tó ń tan ìmọ́lẹ̀, MOF ni kí n sì fi ṣe é. Ẹni tí kò bá mọ MOF (metal-organic framework), ẹ rántí igi tí àwọn bíríkìlà máa ń tò yí ilé alájà ká, tí wọ́n á so ó pọ̀ níbi tí igi bá ti pàdé igi. Irin ló wà níbi ìso yẹn. Igi tó lọ láti ìso kan sí èkejì jẹ́ mólíkù tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀, òun là ń pè ní linker. Àyè òfìfo tó kù láàrin ni ihò, ó sì kéré débi pé mólíkù mélòó kan péré ló lè wọ inú rẹ̀. Richard Robson ní Melbourne, Susumu Kitagawa ní Kyoto àti Omar Yaghi ní Berkeley ló gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́místrì ọdún 2025 nítorí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde ẹ̀bùn yẹn ni ọ̀gá mi ò ti jẹ́ kí n sinmi.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo yọ́ europium nitrate sínú omi (europium ni irin mi), mo yọ́ trimesic acid, tó jẹ́ linker mi, sínú ethanol, mo bu sodium acetate díẹ̀ sí i, mo dà wọ́n pọ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi funfun bí omi ògì. Mo sẹ́ ẹ, mo fi ethanol fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbẹ ẹ́. Ó jáde bíi láfún gẹ́lẹ́. Ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi, wọ́n ní, "Ṣé láfún lo lọ kọ́ ní yunifásítì ni?" Mo sanwó kí wọ́n bá mi fi X-ray yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn torí tiwa ò ṣiṣẹ́, àwòrán tó jáde sì bá ti ìwé mu. Ètò inú rẹ̀ dára nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ pupa tó yẹ kí europium tàn ló kù, òun ni mi ò rí. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe POS, ó ní tọ́ọ̀ṣì UV kékeré tó fi ń yẹ ayédèrú owó wò, wọ́n kọ 365 sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní nánómítà. Mo pa iná yàrá, mo fa kọ́tìnì, mo da ìyẹ̀fun náà sórí bébà A4 funfun, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Búlúù ni gbogbo ibẹ̀. Bí mo bá tẹ ojú mọ́ ọn, mo ń rí pupa kan lábẹ́ rẹ̀, bí ẹyín iná tó fẹ́ kú. Mo tún un ṣe pẹ̀lú terbium, irin mìíràn tó yẹ kó tan àwọ̀ ewé, bákan náà ló rí.

Ìkejì: mo ṣe MOF mìíràn tó ń jẹ́ ZIF-8, mo fi zinc nitrate àti 2-methylimidazole ṣe é nínú methanol. Mo rẹ ẹ́ sínú aró rhodamine B fún ọjọ́ méjì kí aró náà lè wọ inú ihò rẹ̀ lọ. Ó jáde bíi pínǹkì tó wù mí gan-an. Mo fi methanol fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà funfun báláú. Gbogbo pínǹkì mi bá omi lọ.

Ṣé wọ́n ta europium ayédèrú fún mi ni? Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lébẹ́ẹ̀lì ara ike rẹ̀ ti ń ṣí. Kí ló sì dé tí aró ò dúró? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n ṣe sẹ́mínà.

Bàbá Lábù fèsì:

Ọmọ mi, fara balẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe europium rẹ. Pupa tí o rí lábẹ́ búlúù yẹn, òun gan-an ni. Ayédèrú kì í pọ́n.

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú lábù kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé o, èmi ni mo ń tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Kí ẹnikẹ́ni tó wá fi ìṣirò dà ọ́ lórí rú, ṣe àwọn nǹkan yìí ná.

Gbé bébà yẹn kúrò. Wọ́n ti fi èròjà kan sí A4 tó ń gba UV mu, tó sì ń tu búlúù jáde, kí ojú lè máa rí i bí ohun tó funfun nini. Irú rẹ̀ wà nínú ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ, òun ló fà á tí ṣẹ́ẹ̀tì funfun fi máa ń tàn ní ilé àríyá tí wọ́n bá tan iná àwọ̀ àlùkò yẹn. O gbé àtùpà síwájú oòrùn, o wá ń wá ìmọ́lẹ̀ àtùpà. Ọ̀rá dúdú ni kí o da ìyẹ̀fun rẹ lé.

Lẹ́yìn náà, fi tọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ fún owó náírà. Lábù yín á ní iná UV tí ẹ fi ń wo TLC (àwo pẹlẹbẹ tí ẹ fi ń ya èròjà sọ́tọ̀), èyí tó wà nínú àpótí dúdú. Bọ́tìnnì méjì ló wà lára rẹ̀, 365 àti 254. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, 365 nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Tẹ 254. Kí ló dé tí trimesic acid fi funfun? Torí kì í gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ni, kì í sì í gba 365 pàápàá. Láti nǹkan bí 300 nánómítà wálẹ̀ ló ti ń gba nǹkan mu. Tọ́ọ̀ṣì rẹ ń kan ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni tó máa ṣí i.

Èyí tó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún lójú mi rèé: 254 kì í gba inú ìgò lábù wa kọjá. Gíláàsì á dá a dúró. Ọmọkùnrin kan wà nígbà kan, ó wá bá mi pẹ̀lú ojú pupa, ó ní iṣẹ́ oṣù méjì òun ti bàjẹ́. Ó gbé ìgò kékeré lọ́wọ́, ó dé e pa. Mo gbà á, mo ṣí i, mo dà á sórí ọ̀rá, mo tẹ bọ́tìnnì. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ awò ojú ti lábù, kí o sì bo ọwọ́ rẹ. 254 kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àfiṣeré. Mo ti wò ó lójú korokoro rí, òru méjì ni mo fi ń sunkún, àfi bíi pé wọ́n da iyanrìn sí mi lójú.

Àbúrò Ní Jámánì fèsì:

Bàbá ti pa á láyọ̀lé, ẹ ṣeun sà. Ọdún kẹrin mi rèé lẹ́nu MOF, ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ kún un, torí wọ́n á bi arábìnrin wa ní sẹ́mínà.

Europium fúnra rẹ̀ kò mọ ìmọ́lẹ̀ í gbà. Irú fífò tí ẹlẹ́kítíróọ̀nù inú rẹ̀ máa ń fò, òfin fisíksì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á láàyè, nítorí náà bí o bá tan iná sí i ní tààrà, bíńtín ló ń mú nínú rẹ̀. Ìdí kan náà ló fi máa ń pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀: ó lè tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tó jẹ́ pé nánósẹ́kọ́ńdì mélòó kan ti tó fún aró lásán. Mo máa ń wò ó bí àgbàlagbà tó fẹ́ràn omi àgbọn tí kò lè gun igi mọ́. Ọmọdé ló gbọ́dọ̀ bá a gùn ún. Linker ni ọmọdé yẹn: òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, òun ló ń ju agbára rẹ̀ sí europium, europium á wá fi pupa rẹ̀ tàn ní nǹkan bí 615 nánómítà. Terbium náà rí bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ wà ní nǹkan bí 545. Àwárí yìí kì í ṣe tuntun, S. I. Weissman ti kọ̀wé lé e lórí ní 1942, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ MOF.

Níbí ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í kọ́kọ́ yan irin. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: iná wo ni mo ní lọ́wọ́, ta ni yóò gbà á? Lẹ́yìn náà lẹ ó wá wo bí ìpele agbára linker yẹn ṣe ga tó. A ń fi cm⁻¹ wọ̀n ọ́n. Ìpele tí europium ti ń tàn wà ní nǹkan bí 17,300, ti terbium ní nǹkan bí 20,500. Ti trimesic acid sún mọ́ 25,000, ìyẹn ga ju àwọn méjèèjì lọ dáadáa, òun ló fi bá méjèèjì mu. Bí ẹ bá mú linker tí ìpele rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti terbium dọ́gba, agbára tó bá jù sí i á tún ta padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kó fi nǹkan bí 2,000 ó kéré tán ga jù ú lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ìyẹ̀fun yín tàn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì POS (mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ta ló ń gbé iná TLC lọ síbi sẹ́mínà?), ẹ pààrọ̀ linker. 2,6-naphthalenedicarboxylic acid ní òrùka méjì tó lẹ̀ mọ́ra níbi tí trimesic ti ní ẹyọ kan, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì yín ju ti trimesic lọ. Ìpele rẹ̀ wà ní àyíká 20,000: ó dáa fún europium, kò dáa fún terbium. Pupa nìkan lẹ ó rí, àwọ̀ ewé á kọ̀ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún omi. Oxygen àti hydrogen inú omi máa ń gbọ̀n lórí ìso wọn, gbígbọ̀n yẹn á sì máa jí agbára europium kó, á sọ ọ́ di ooru. Terbium kì í jìyà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú MOF yín, omi kan wà tó kàn jókòó sínú ihò, òmíràn sì di irin mú gan-an. Ààrò á lé ti àkọ́kọ́ lọ láìpẹ́, ti ìkejì gba ooru tó le díẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Bí ẹ bá wá ṣí i sílẹ̀ nínú òjò oṣù Kẹfà, á tún mu omi padà.

Ti aró yín rọrùn. Fèrèsé ZIF-8 fẹ̀ tó 0.34 nánómítà, yàrá inú rẹ̀ fẹ̀ tó 1.16. Rhodamine B gùn ju nánómítà kan lọ dáadáa. Ẹ fẹ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù gba ojú fèrèsé wọlé! Ara ògiri ìta ni pínǹkì yẹn lẹ̀ mọ́, methanol sì bá yín fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn tó ń fi aró sí ZIF-8, ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà lọ́wọ́ ni wọ́n ń da aró sí i, kí ògiri lè há a mọ́. Kódà nígbà náà, ẹ gbọ́dọ̀ fọ ti ìta títí omi á fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ ni ìwọ̀n yín máa pa. Ẹ má sì da aró sí i jù. Aró tó bá sún mọ́ra jù máa ń pa ìmọ́lẹ̀ ara wọn. Ohun tí ihò wúlò fún jù nìyẹn: kí kálukú wà ní yàrá tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá wá ilé tí fèrèsé rẹ̀ gbòòrò. Nathaniel Rosi àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Pittsburgh ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní bio-MOF-1, zinc àti adenine tó wà nínú DNA ló wà nínú rẹ̀. Ara ilé náà ní iná mànàmáná òdì (negative), nítorí náà bí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi tí ohun tó ní iná mànàmáná rere (positive) wà nínú rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa fà á wọlé. Wọ́n fi europium àti terbium sínú rẹ̀ báyìí, ó sì tàn nínú omi gan-an, omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bú yìí.

Gílóòbù Kì Í Kú fèsì:

Ẹ forí jì mí o ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Gílóòbù LED tó ti kú ni mo ń tún ṣe, mi ò ka kẹ́místrì kọjá SS2. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan ń gbà, ẹlòmíràn ń tan, ó jọ ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́. Tí mo bá ṣí gílóòbù, ojú LED kọ̀ọ̀kan ní nǹkan yẹ́lò kan tó bò ó bíi yọ́ọ̀kì ẹyin. Bí skúrúù mi bá ṣèèṣì ha yẹ́lò yẹn kúrò, tí mo tan iná, ibi tó ti ṣí á di búlúù tó ń gún ojú. Ṣé MOF náà nìyẹn?

Bí kì í bá ṣe òun, ṣé ó lè rọ́pò rẹ̀? Nítorí ọ̀pọ̀ àwọn gílóòbù olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí, ìmọ́lẹ̀ wọn funfun bí ojú òkú.

Àbúrò Ní Jámánì fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ojú yín là ju ti àwọn kan tí wọ́n ní dígírì lọ. Kì í ṣe MOF, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Búlúù ni LED inú rẹ̀ ń tàn; àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí sí Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, ló gba Nobel fisíksì ní 2014 nítorí rẹ̀. Yẹ́lò yẹn jẹ́ òkúta lílọ̀ tí wọ́n fi cerium díẹ̀ sí, á gba díẹ̀ nínú búlúù, á sọ ọ́ di yẹ́lò, èyí tó kù nínú búlúù á dà pọ̀ mọ́ ọn, ojú á rí funfun. Pupa ló kéré nínú rẹ̀, òun ló fi ń jọ ojú òkú. Àwọn èèyàn ti fi aró sínú MOF láti fi pupa yẹn kún un, funfun tó jáde sì dára.

Ṣé ó máa dé ṣọ́ọ̀bù yín láìpẹ́? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ti fọwọ́ kan inú gílóòbù tó ti wà ní títàn fún wákàtí mẹ́ta rí. Òkúta yẹ́lò yẹn kò bìkítà fún ooru. Aró á ṣá.

Gílóòbù Kì Í Kú fèsì:

Kí wá ni ẹ ń fi àkókò yín ṣòfò lé lórí? Ìbéèrè ni o, kì í ṣe èébú.

Àbúrò Ní Jámánì fèsì:

Mo gbà. Torí pé òkúta yẹ́lò yín kò lè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Kò ní ihò, ohun kan ò lè wọ inú rẹ̀. MOF ní ilẹ̀kùn: bí omi bá wọlé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rẹ̀, bí èròjà bọ́ǹbù kan bá wọlé, òmíràn á kú pátápátá, bí ooru bá yí padà, àwọ̀ rẹ̀ á yí. Ní 2012, àwọn kan pa terbium àti europium pọ̀ sínú MOF kan, europium rẹ̀ jẹ́ 0.69 péré nínú 100. Bí òtútù bá dín kù, terbium á máa gbé agbára rẹ̀ fún europium sí i, àwọ̀ ewé á rẹlẹ̀, pupa á gòkè. Ẹ wo ìpín àwọ̀ méjèèjì, ẹ ti mọ bí ooru ṣe tó, láti 50 títí dé 200 kelvin, ibi tí òtútù ti ju ti fíríìsà ilé lọ. Kò sí wáyà tó kan nǹkan náà. Ẹni tó bá ní terbium àti europium lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ (mo ń wo ẹnì kan) lè gbìyànjú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú trimesic. Ṣùgbọ́n kí ó fi ìṣọ́ra wọn europium o, díẹ̀ báyìí ti tó láti gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ terbium.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́ kọ:

Mo ti dé o! Mo ti ń sáré láti ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi di búrẹ́dì fún mi ni mo gé. Mo bu ìyẹ̀fun bí orí èékánná lé e, mo gbé e sábẹ́ iná TLC, mo tẹ 254. Ẹ̀yin èèyàn mi! Pupa bí ata rodo tó pọ́n dénú! Ọ̀rẹ́ mi tó ń fọ ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pariwo. Mo gbé ti terbium síi, àwọ̀ ewé rẹ̀ mọ́ débi pé mo rí ìlà ọwọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Mo wá dán ohun tí Bàbá Lábù sọ wò, mo da ti europium sínú ìgò, mo dé e, mo gbé e sábẹ́ iná kan náà. Ó kú pátápátá. Mo ṣí ìdérí, mo tẹ̀ ẹ́ kí iná lè rí ẹnu ìgò wọ̀, ìyẹ̀fun tó wà lẹ́nu rẹ̀ tàn, ti ìsàlẹ̀ ò tàn. Mo ti ya fídíò rẹ̀, òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ sẹ́mínà.

Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Wọ́n ní kí n rí i dájú pé kò dà pọ̀ mọ́ láfún àwọn o.

Mo gbẹ ìdajì rẹ̀ nínú ààrò mọ́jú, mo fi ìdajì kejì sílẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tó jáde láti inú ààrò mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, ojú lásán rí i. Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo padà wò ó, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, òjò sì ti rọ̀ láti àárọ̀. Mo ti wá mọ ohun tí àbúrò wa ń sọ.

Ti ZIF-8, mo ti da aró sí i kí n tó da zinc sí i. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, pínǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, omi ìfọ̀ ìkẹyìn sì mọ́ kedere. Mo ṣì ń fura sí i.

Ohun tó kù: ta ló ní 2,6-naphthalenedicarboxylic acid tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, bíi gíráàmù méjì? Iye tí wọ́n dá lé e lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi kí n ta àpò èlùbọ́ mélòó kan.

Bàbá Lábù fèsì:

Mo mọ ẹnì kan tó ní i, ike rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀. Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Nínú fídíò tí o fi síbí, mo rí ọwọ́ rẹ, mo rí ìbọ̀wọ́, mi ò rí awò ojú. Níbo ló wà?

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́ kọ:

Ó wà lórí mi sà. Orí ni mo gbé e sí.